Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, Nítorí Ọmọ Tí Kò Mu Ọyàn

Olóòtú ìwé wa ní kí n kọ nǹkan nípa ilé wa ní Oǹdó, pé àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó àti sí ìlú òyìnbó kò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, pé fọ́tò nìkan ni wọ́n ń wò. Mo ní kò burú. Àmọ́ ìrìn àjò tí mo rìn kẹ́yìn débẹ̀ kì í ṣe ti fàájì, òun ni mo sì máa sọ. Mi ò lè sọ̀rọ̀ ilé yẹn kí n fo ohun tí ojú mi rí nínú rẹ̀.

Nígbà òjò tó kọjá ni. Mo wà nílé mi ní Àkúrẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí bọ Ifá mi tán láàárọ̀, ni fóònù dún. Àbúrò mi tó ń gbé ilé bàbá wa ní Oǹdó ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ ó wá o. Ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ wa níbí, abísínwín ni. Ara òun fúnra rẹ̀ ti ń balẹ̀ o. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ni kò fẹ́ mu ọyàn mọ́. Ó kàn ń sùn ṣáá."

Mo bi í pé ọmọ náà ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó. Ó ní ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo bi í pé kí lẹ ń fún ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ohun tí bàbá máa ń fún wọn náà ni."

Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn mọ́. Mo wọ ẹ̀wù, mo gbé àpò Ifá kọ́ apá, mo wá ọkọ̀ lọ.

Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò jìn. Bí ọkọ̀ kò bá dẹnu kọlẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá kò sì dá yín dúró pẹ́, wákàtí kan ti tó. Ẹ̀yin tí ẹ kò rìn ín rí, bí ẹ bá ti kúrò nígboro Àkúrẹ́, ẹ ó kọjá Apọnmú, ẹ ó dé Ọ̀wẹnà níbi tí odò ńlá náà ti ń ṣàn lábẹ́ afárá, ẹ ó gba Bọ́lọ́runduro, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ Oǹdó. Oko kòkó ni lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín wọn. Ní Ọ̀wẹnà àwọn obìnrin á sáré bo ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹran ìgbẹ́. Ọjọ́ yẹn mi ò ra nǹkan kan. Mo kàn rí i pé wọ́n ṣì ń sá ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀bá títì, inú mi kò sì dùn sí i. Eku ni ibà Lassa fi ń rìn. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, àmọ́ lónìí ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí wà lára àwọn tó ń jìyà rẹ̀ jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ń gbé àwọn tó bá mú lọ. Ẹ bo gàrí yín, ẹ bo èlùbọ́ yín. Ìyẹn ti tó lórí ìyẹn.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nínú ọkọ̀ ni yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀yin àgbà ilé mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wọ agbo ilé wa, ẹ ó rí ojúbọ Ifá lápá ọ̀tún, ẹ ó rí ibi tí à ń gún iyán, ẹ ó rí igi orógbó tí bàbá bàbá wa gbìn. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí ni yàrá gígùn kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni bàbá wa ti ń tọ́jú wèrè. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kí n tó jáde ní 1978, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn kí n tó lọ síléèwé. Mo mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹlòmíì wà tí yóò bi mí ní ìṣirò, tí yóò sì gbà á ju olùkọ́ mi lọ. Igi àbà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ wọn bọ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mẹ́rin wà lára ògiri, alágbẹ̀dẹ Oǹdó ló rọ wọ́n fún bàbá bàbá wa.

Bàbá wa kì í pe gbogbo wèrè ní orúkọ kan. Asínwín ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì tó ń pariwo. Dìndìnrìn ni ẹni tí tirẹ̀ ti pẹ́, tó jókòó sójú kan tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wèrè aláṣọ ni èyí tó wọṣọ dáadáa tó ń lọ sọ́jà, tó jẹ́ pé ará ilé rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Wèrè ìdílé ni èyí tó ń bá ìran rìn. Abísínwín ni ti ìyá tó bímọ tí orí rẹ̀ dàrú. Bàbá ní abísínwín ló ń tètè san jù, òun ni kí á máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú jù, nítorí pé ẹni méjì ni à ń tọ́jú. Gbólóhùn yẹn ni mo ń rò bọ̀ lọ́nà. Ẹni méjì.

Mo dé ilé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ìyá ọmọ náà wà ní yàrá ẹ̀yìn. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é ní ẹsẹ̀ kan mọ́ òpó, aṣọ mímọ́ wà lára rẹ̀, wọ́n ti di irun rẹ̀. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú irin lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn." Ohùn rẹ̀ fà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ojú àbúrò mi kún fún ayọ̀, ó ní ẹ wò ó, ẹ wo ẹni tó ń já aṣọ mọ́ ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òótọ́ sì ni. Iṣẹ́ ló ṣe.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ náà fún mi. Ó rọ̀ lọ́wọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi. Mo fi ìka kan ẹnu rẹ̀, kò fà á. Mo gbé etí sí imú rẹ̀, ó ń hán. Imú rẹ̀ ti dí pa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ara yín á ti sọ fún yín. Bàbá wa máa ń sọ pé bí o bá fún wèrè ní asọ́fẹ́yẹjẹ, ohun tí o máa kọ́kọ́ rí ni pé imú rẹ̀ á dí, lẹ́yìn náà oorun á dé. Imú tó dí yẹn ló ń fi hàn pé oògùn ti wọ ara. Òtútù kọ́ ló mú ọmọ yìí. Oògùn tí a fún ìyá rẹ̀ ti gba inú ọyàn wọ inú rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ń mu egbò tí à ń fi mú àgbà alágbára balẹ̀.

Mo da Ifá. Odù tó jáde, ti aláìsàn ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó ní kí wọ́n rúbọ, ó ní kí wọ́n má fi ìyá àti ọmọ sójú kan. Wọ́n rú u lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín: bí Ifá kò bá tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, mo ti pinnu láti gbé ọmọ náà jáde ní ilé yẹn lọ́jọ́ yẹn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ní kò burú, ká gbé ọmọ lọ sọ́sibítù, àmọ́ ká má sọ pé ewé la fún ìyá rẹ̀. Ìyá ọkọ náà gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọn á bú wa. Wọn á ní a fẹ́ pa ọmọ." Mo ní bí wọ́n bá bú wa, èébú kì í so mọ́ni lára. Mo ní bí a kò bá sọ, òtútù ni wọn á máa wò títí ọmọ á fi kú.

Mo bèèrè bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ sì sọ fún mi. Ọmọbìnrin náà bímọ ní ilé ìwòsàn kan, ó bí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹrin oorun dá lójú rẹ̀. Ó ń ro àrò ní òru, ó ń fọ aṣọ tó ti mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ padà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé òun kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, wọ́n ní ọmọ ń ṣe dáadáa, wọ́n ní kó máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà kan, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀ láìjẹun ní ọ̀sán, wọ́n fi okùn dè é lọ́wọ́. Ojú okùn náà ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá sọ́dọ̀ wa, àwa náà sì fi irin rọ́pò okùn.

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nígboro Oǹdó lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn: orúkọ ewé, apá tí a lò, ọjọ́ tí a ti ń lò ó. Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó bojú wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ sọ." Wọ́n dá ọyàn ìyá dúró, wọ́n fún un ní mílíìkì, wọ́n ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ké. Ìyá ọkọ sunkún, èmi náà yí ojú sí ògiri.

Nígbà tí ọmọ ti gbádùn, mo mú ìyá rẹ̀, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ, a padà gba Bọ́lọ́runduro, a gba Ọ̀wẹnà, ó di Àkúrẹ́, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Mo ti ń gbé Àkúrẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò wọ inú ọgbà yẹn rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Èmi tí mo dàgbà láàárín wèrè! Mo rò pé mo máa gbọ́ igbe. Ohun tí mo rí ni àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n mú káàdì lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn wọ aṣọ iṣẹ́. Mo mọ méjì nínú wọn lójú. Wọn kò kí mi, èmi náà kò kí wọn, a mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà tó rí wa, obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ á tó ti àkọ́bí mi. Ó wo ìfúnpá ọmọbìnrin náà, ó tún un wò. Ó ní ó lọ sílẹ̀ jù. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ewé wo lẹ lò?" Mo ní asọ́fẹ́yẹjẹ ni, egbò rẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní bí mi ò bá sọ ni, oògùn tí òun fẹ́ kọ fún un lónìí ì bá bá tiwa pàdé nínú ara rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ ì bá tún wálẹ̀ sí i, bóyá kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó ṣubú lulẹ̀. Ó ní ká dúró ọjọ́ díẹ̀, kí tiwa kọ́kọ́ kúrò lára.

Mo rò pé á fi ewé wa ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ ìtàn fún mi tí èmi tí mo jogún ewé náà kò mọ̀. Ó ní ewé yẹn ní ìbátan kan tó ń hù ní Íńdíà, àwọn ará ibẹ̀ náà ń fi tọ́jú orí tó dàrú láti ayébáyé. Ní 1952 àwọn onímọ̀ yọ ohun kan jáde lára ti Íńdíà, wọ́n pè é ní reserpine, wọ́n sì lò ó káàkiri ilé ìwòsàn àgbáyé fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí àwọn oògùn tó dára jù ú lọ tó dé. Tiwa náà ní in nínú. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, wà ní Arò ní Abẹ́òkúta, ó ń lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wèrè. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa asọ́fẹ́yẹjẹ fún àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn orúkọ tí bàbá wa ń pè, asínwín, dìndìnrìn, wèrè aláṣọ, abísínwín, gbogbo rẹ̀ ni Prince kọ sílẹ̀.

Ọ̀gá Arò nígbà náà ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá ìtàn ọkùnrin yìí kà. Láti 1954 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò: kò kó gbogbo aláìsàn tì mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ará ilé aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójúmọ́. Ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé fi ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà wọn nígbà tó yá. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́, ojú ń tì mí díẹ̀. Láti 1954! Ọdún yẹn bàbá wa kò tíì fẹ́ ìyá mi.

Dókítà náà ṣàlàyé abísínwín fún ọkọ ọmọbìnrin náà. Ó ní nínú ẹgbẹ̀rún ìyá tó bá bímọ, ó máa ń mú bí ọ̀kan tàbí méjì. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àìsùn ló sì sábà máa ń ṣáájú. Ó ní ó lè padà wá bó bá tún lóyún, kí wọ́n má ṣe pa á mọ́ lẹ́nu, kí wọ́n tètè wí kí ọjọ́ ìbímọ tó pé. Ọkọ bi í bóyá ọmọ rẹ̀ obìnrin á jogún rẹ̀. Dókítà ní ó lè pọ̀ díẹ̀ sí i nínú ìdílé kan ju òmíràn lọ, àmọ́ kì í ṣe kàn-ń-pá. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń lé àwọn ènìyàn sá fún ìtọ́jú ní ilẹ̀ wa, torí bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ, wọn á ṣèwádìí bóyá wèrè wà nílé.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú kan wo bí Oǹdó ṣe rí báyìí. Ní ọ̀nà Láje, nínú ìlú kan náà tí yàrá ẹ̀yìn wa wà, ni ọgbà ìlera ńlá tí ìjọba Mímikò kọ́ wà, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe àti ibi àyẹ̀wò tí wọ́n fi orúkọ Gàní Fawẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, sọ. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní UNIMED wà nílùú náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìrìn ewé jíjá ni à ń rìn láàárọ̀ lẹ́yìn ìlú. Lónìí àwọn ọmọ tó wọ kóòtù funfun ló ń ti ọ̀nà oko bọ̀ wá sí kíláàsì. Inú mi dùn sí i, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì kan ilẹ̀kùn wa rí.

Ó sì ṣeé ṣe, nítorí wọ́n ti ṣe é rí ní ẹ̀ka mìíràn. Ní 2009 ni ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́, kí àwọn aláboyún má baà máa kú. Ní 2010 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, wọ́n sì tún kọ́ òmíràn sí Oǹdó. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá kò yé lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí. Ní 2014 ìjọba wá pe àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ jókòó nínú ètò tí wọ́n pè ní Agbẹ̀bíyè. Wọn kò kó ọlọ́pàá tì wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n máa mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n ń fún wọn lówó díẹ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá, wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ kí ebi má baà pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ agbẹ̀bí sọ fún mi pé ohun tó dùn mọ́ òun jù kì í ṣe owó, bí kò ṣe pé dókítà mọ orúkọ òun. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bá àwa tí à ń tọ́jú wèrè jókòó bẹ́ẹ̀?

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti pẹ́ gan-an, orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́ kò ju òfin wèrè lọ. Tuntun yìí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ó bọ́ sí àkókò, torí ní 2019 àjọ Human Rights Watch tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n lọ sí ibùdó 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, wọ́n rí àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè: nílé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé àdúrà Kìrìsìtẹ́nì, ní ti Mùsùlùmí, àní ní ọ̀dọ̀ ìjọba pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nìkan ni. Àmọ́ èyí tó wà nílé tiwa, tiwa ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àbúrò mi pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe òǹrorò. Nígbà tí mo sọ fún un pé kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò ní ilé wa, ó rán mi létí ọkùnrin kan tí bàbá tú sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, torí pé ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Lóru ọjọ́ kejì ó sáré jáde, tírélà gbá a ní ọ̀nà Àkúrẹ́. Bàbá kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin wà ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo ń gbé ilé. Bí wọ́n bá já wọ inú títì, èmi lọlọ́pàá máa wá mú. Ọsibítù náà ń gba owó, oògùn wọn ń gba owó lóṣooṣù. Ẹni tí kò ní, ibo ni kó lọ?" Mi ò rí èsì kíákíá fún un. Àwọn dókítà ọpọlọ ní gbogbo Nàìjíríà, iye tí wọ́n sábà máa ń dá kò pé 300, àwa sì ju igba mílíọ̀nù lọ. Ẹni tí ilé ìwòsàn kò gbà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ká fẹ́, ká kọ̀.

Èsì tí mo wá rò lẹ́yìn náà nìyí. Asọ́fẹ́yẹjẹ, oògùn ni. Ifá, ẹbọ, orin, jíjókòó ti aláìsàn, pípè é ní orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo ti rí i. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tí irin wò sàn rí. Ẹ̀rù wa ni irin náà ń tọ́jú. Ẹni tí ó lè ṣọ́ aláìsàn kó má sá lóru ni ará ilé rẹ̀, bí Lambo ṣe ṣe é. Bí ẹbí kan bá fẹ́ gbé ènìyàn wọn wá sọ́dọ̀ wa, kí ẹnì kan nínú wọn bá a sùn níbẹ̀. Bí wọn kò bá lè rí ẹnì kan, àwa náà kò lè gbà á. Kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn má ṣe mu egbò yẹn nílé wa mọ́ láé, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni tirẹ̀. Kí ìwé kékeré kan wà tí a ó máa kọ gbogbo ohun tí a bá fún aláìsàn sí, kí ìwé náà sì bá a lọ bó bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí a kò kọ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Àwọn kan nínú yín á ní mo ti tú àṣírí awo. Mi ò sọ bí a ṣe ń sè é, mi ò sọ ohun tí a ń pè sí i. Mo sọ orúkọ ewé tí òyìnbó ti kọ sínú ìwé láti 1960.

Ọmọbìnrin náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Ó ṣì ń lọ gba oògùn, èmi ni mo ń rán ọkọ rẹ̀ létí ọjọ́. Wọ́n wá sílé mi ní Àkúrẹ́ lóṣù tó kọjá. Ọmọ náà ti ń rá, ó fa ìrùkẹ̀rẹ̀ mi bọ ẹnu, ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára ògiri. Mi ò já wọn, torí ilé gbogbo wa ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Ìpàdé ẹbí wa ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Ifá, ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Àbúrò mi ní òun náà máa sọ tòun, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tirẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Èkó, ẹ wọ ọkọ̀ tó gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Oǹdó tààrà, ẹ má ṣe tún gba Àkúrẹ́ yí ká. A ó gún iyán sílẹ̀.